Béárìn sítíárìn tó há sínú férémù ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, àti bí wọ́n ṣe yọ ọ́ ní Kugbo

Ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni o, èyí tí wọ́n ń pè ní ATV, oko kan lọ́nà Kuje ni wọ́n ti gbé e wá. Irú èyí táwọn ọmọ olówó fi ń ṣeré lópin ọ̀sẹ̀ kọ́ rárá, òun ni wọ́n fi ń kó oúnjẹ màlúù, òun ni wọ́n fi ń yẹ wáyà tó yí oko ká wò, tójò bá sì ti rọ̀ tí ọ̀nà di ẹrẹ̀, òun nìkan ló ń dé ìsàlẹ̀ odò. Ẹjọ́ tí wọ́n rò fún wa ni pé sítíárìn ẹ̀ le, ó sì tún ń mì. Ọmọ iṣẹ́ kan bú sẹ́rìn-ín, ó ní báwo ni nǹkan á ṣe le tó tún máa mì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti tú irú ẹ̀ rí mọ̀ pé méjèèjì máa ń rìn pọ̀, béárìn tó ti jẹ á máa mì, ìpẹtà tó wà nínú ẹ̀ á sì máa dí i.

Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi kan ni, ní mẹkáníìkì fílẹ́ẹ̀jì Kugbo, lọ́nà Nyanya, ní Abuja. Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ò jìnnà síbẹ̀, tí iṣẹ́ bá sì ti fẹ́ le a máa ń pe ara wa. Mò ń kọ eléyìí torí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń tún ọ̀kadà ṣe la máa ń sáré gé ilé béárìn dànù nígbà tí kò tíì yẹ ká gé e, tó bá sì ti di pé a gé e, férémù yẹn ò lè dà bíi tàtijọ́ mọ́.

Bí wọ́n ṣe gbé e dé, ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n fi igi gbé iwájú ẹ̀ sókè kí táyà méjèèjì kúrò nílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan di háńdù mú, ó ń fà á síwá sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n wá ń fọwọ́ kan taírọ́ọ̀dù, irin tó so sítíárìn mọ́ táyà, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kan bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, kò séyìí tó ń mì níbẹ̀. Ìgbà tó fọwọ́ kan ìdí ọ̀pá sítíárìn nísàlẹ̀ ló ní “ibí ni.” Ó tún ní kí wọ́n yí háńdù díẹ̀díẹ̀, tó bá dé àárín gbùngbùn báyìí, á dúró bíi pé ó bọ́ sínú kòtò kékeré kan, kó tó tún kọjá. Kòtò yẹn gan-an lẹ́rìí tó dájú jù. Béárìn táyà máa ń yípo pátápátá, gbogbo ara ẹ̀ ló ń jẹ lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ béárìn sítíárìn ò yípo, ó kàn ń lọ díẹ̀ sápá ọ̀tún, díẹ̀ sápá òsì, kò tiẹ̀ dé ìdajì òbírí. Èyí túmọ̀ sí pé ojú kan náà ni àwọn bọ́ọ̀lù inú ẹ̀ ń jókòó lé látàárọ̀ dalẹ́, gbogbo gbígbọ̀n tí ọ̀nà oko ń gbọ̀n ń lu ojú kan yẹn, gíríìsì á sá kúrò níbẹ̀, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í kan irin. Ẹ wá fi omi kún un. Lóko yẹn, wọ́n ní wọ́n ń fi ẹ̀rọ olómi líle fọ̀ ọ́, tí wọ́n á sì da ẹnu ẹ̀ kọ sábẹ́ iwájú torí ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ pọ̀ sí. Rọ́bà síìlì wo ló máa dúró de omi tó ń jáde bẹ́ẹ̀?

Fún ẹni tí ò tíì tú irú ẹ̀ rí: ọ̀pá sítíárìn yẹn gùn, háńdù wà lórí ẹ̀, lápá òkè igbá rọ́bà méjì ló dì í mú, nísàlẹ̀ béárìn kan ṣoṣo ló gbé e. Béárìn yẹn jókòó sínú páìpù kúkúrú kan tí wọ́n wẹ́ẹ̀dì mọ́ férémù látilé-iṣẹ́, òun là ń pè ní ilé béárìn. Nínú ọ̀kadà tí mò ń sọ yìí, òkè ni béárìn ń gbà wọlé. Nísàlẹ̀, ilé yẹn ní ètè tín-ín-rín kan tó yí inú ẹ̀ ká tí béárìn jókòó lé, kó má báa já bọ́ sílẹ̀. Lókè béárìn, òrùka onísípírí­ǹgì kan wà tó wọ inú kòtò tóóró, ìyẹn sákílípù, tó dè é mọ́bẹ̀. Síìlì tún wà lókè, òmíì wà nísàlẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ATV ló rí báyìí o, àwọn míì ń lo nọ́ọ̀tì ńlá onítíréèdì dípò sákílípù, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kéèyàn gbé òòlù kó tó mọ èyí tó wà níwájú òun.

Torí òòlù ti ṣiṣẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, òkè ni wọ́n ti lù ú, wọ́n lù ú títí ẹnu ilé béárìn fi ṣẹ́ po lápá kan, ẹ rántí pé ètè wà nísàlẹ̀, kò síbi tó fẹ́ gbà jáde. Ìgbà tó sú wọn ni wọ́n ní kí Alhaji tó ni ọ̀kadà jẹ́ káwọn gé ilé yẹn kúrò, káwọn fi páìpù omi tó jọ ọ́ rọ́pò. Alhaji ò gbà. Bọ̀dá tó gbé ọ̀kadà wá sọ pé ohun tí Alhaji sọ ni pé tí wọ́n bá fi páìpù omi ṣe ìdí sítíárìn fóun, àwọn fúnra wọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ gùn ún sáré wọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò. Mo gba ti Alhaji. Ibi tí páìpù yẹn dúró sí ló ń sọ bí ọ̀pá sítíárìn ṣe máa tẹ̀, tó bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, táyà méjèèjì ò ní máa wo ibì kan náà tí èèyàn bá ń kọnà.

Yíyọ ọ̀pá fúnra ẹ̀ ò gba wàhálà púpọ̀. Wọ́n tú síìtì, wọ́n tú irin ìkẹ́rù iwájú, wọ́n ṣí rọ́bà tó bo ara ẹ̀, wọ́n yọ taírọ́ọ̀dù, wọ́n fa kọ́tàpíìnì yọ, wọ́n tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Ọ̀pá ti gan mọ́ òrùka inú béárìn díẹ̀, ẹ̀gbọ́n wá ní kí wọ́n dá nọ́ọ̀tì yẹn padà títí tí ojú ẹ̀ á fi dọ́gba pẹ̀lú orí ọ̀pá kí wọ́n tó fi òòlù kàn án látìsàlẹ̀, kí tíréèdì má báa kú. Ó jáde. Béárìn kù.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni ọ́ìlì. WD-40 lọ́sàn-án, kẹrosín tí wọ́n pò mọ́ ATF, ìyẹn ọ́ìlì jíà ọtọmátíìkì, lálẹ́, wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kò ṣe nǹkan kan, mi ò sì rò pé ó lè ṣe nǹkan kan, torí ọ́ìlì ò tíì débi tí ìpẹtà wà. Ohun tó wà lókè béárìn nígbà yẹn ni síìlì tó ti ya, gíríìsì tó ti gan, iyẹ̀pẹ̀ pupa ilẹ̀ Abuja tó ti di símẹ́ńtì mọ́ ọn, ìpẹtà wá bo gbogbo ẹ̀ pa. Orí ẹ̀gbin yẹn lọ́ìlì dúró sí. Àwọn èèyàn á ní “mo ti fi ọ́ìlì sí i, kò gbọ́,” wọn ò ní bi ara wọn pé ṣé ọ́ìlì ọ̀hún tiẹ̀ rí ọ̀nà wọlé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n yí ọ̀nà padà, ẹ̀gbọ́n gé irin ọlọ́nà 16 kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú látìsàlẹ̀ lọ sókè. Ọ̀nà tó yẹ kó gbà jáde nìyẹn lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo ibi tí irin ń bà. Ètè ìsàlẹ̀ yẹn bo òrùka ìta béárìn mọ́lẹ̀, ihò tó ṣẹ́ kù, òrùka inú nìkan lèèyàn lè kàn níbẹ̀. Òrùka inú ni wọ́n ń lù, òun náà ń ti àwọn bọ́ọ̀lù, àwọn bọ́ọ̀lù ń ti òrùka ìta, òrùka ìta ò kúrò lójú kan. Bó ṣe ṣe díẹ̀ báyìí ló fọ́. Òrùka inú fò jáde, àwọn bọ́ọ̀lù tú ká sílẹ̀, èyí tó mú wọn dání já sí wẹ́wẹ́. Òrùka ìta nìkan ló kù sínú ilé yẹn, ó lẹ̀ mọ́ ọn, kò tiẹ̀ tún síbi téèyàn lè dì í mú mọ́.

Ojú gbogbo wọn rẹ̀wẹ̀sì. Bọ̀dá tó gbé ọ̀kadà wá ní ṣé ẹ ò rí i báyìí pé ó ti bàjẹ́ ju bó ṣe wà lọ, ó fẹ́ pe Alhaji. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀ ẹ́, ó ní “Bọ̀dá, ẹ fún wa láyè díẹ̀ sí i.” Èmi ò kà á sí bíbàjẹ́. Béárìn tó dán gbinrin tó ṣì pé ṣòroó yọ ju òrùka ìta nìkan lọ, torí òrùka nìkan, inú ẹ̀ ṣófo, èèyàn lè ṣe ohun tó bá wù ú sí i.

Wọ́n ní kí ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù níbẹ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti pẹtiróòlù díẹ̀ fọ inú ilé béárìn kí wọ́n tó pe ẹni tó ń fi gáàsì ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ṣe ni wọ́n gbé fún un, ó sì fara balẹ̀ ṣe é. Ìgbà tó yá ló pe ọ̀gá ẹ̀, ó ní “Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan kan, ihò kékeré méjì wà níbí, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.” Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i. Ihò ojú sákílípù ni. Ìpẹtà ti bò ó tó fi dà bíi pé ara ilé béárìn ni, kò sí àlà kankan láàárín ẹ̀ àti irin tó yí i ká.

Nǹkan yí padà níbẹ̀ yẹn. Gbogbo lílù tí wọ́n lù ú látìsàlẹ̀, sákílípù yẹn ni wọ́n ń ti béárìn lọ kàn, irin onísípíríǹgì tó jókòó sínú kòtò tiẹ̀ dáadáa. Ká ní agbára wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ètè kòtò yẹn ni wọn ì bá ya, tí ìyẹn bá sì ya, ilé béárìn ti lọ nìyẹn, Alhaji á padà lo páìpù omi tí kò fẹ́. Ẹ̀gbọ́n ò sọ nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú kan, ó kàn ń wò ó. Ó wá ní kí wọ́n lọ ra mááltì fún ọmọ yẹn.

Sákílípù ò fẹ́ jáde bọ̀rọ̀ náà. Pílàyà ẹ̀ wọ inú ihò méjèèjì, wọ́n fún un, etí kan kán. Ó máa ń kán bẹ́ẹ̀ tó bá ti dógùn-ún. Wọ́n wá mú ìṣó kọnkéré kan, wọ́n rọ ẹnu ẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìlọrin títí tó fi tín-ín-rín, wọ́n fi ń wa ìpẹtà inú kòtò yẹn díẹ̀díẹ̀ yípo, wọ́n tún fi ọ́ìlì sí i, lọ́tẹ̀ yìí ọ́ìlì rí ọ̀nà. Wọ́n fi ẹnu sukudúráfà kékeré gbé orí ẹ̀ kan kúrò nínú kòtò, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e lọ títí gbogbo ẹ̀ fi jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gíláàsì sójú tẹ́ ẹ bá ń ṣe eléyìí. Sákílípù tó bá fò ò mọ ojú ọ̀gá yàtọ̀ sí tọmọ iṣẹ́.

Sákílípù ti kúrò, ọ̀nà ti là, òrùka ìta ṣì wà níbẹ̀ kò mira. Ẹnì kan ní ká lo rọ́ọ̀bótì, irú èyí táwọn wẹ́ńdà fi ń de pírótẹ́kítọ̀ mọ́ ògiri, téèyàn bá tì í bọ inú ihò béárìn tó fún un, á fẹ̀ sí i, á gan mọ́ ọn, wọ́n á wá fi nọ́ọ̀tì àti irin pẹlẹbẹ fà á sókè. Ọ̀nà dáadáa ni, mo ti lò ó, owó ẹ̀ ò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ púlà olówó ńlá tí wọ́n fi ń fa béárìn yọ. Àmọ́ ihò òrùka inú ló bá rọ́ọ̀bótì mu, òrùka inú sì ti lọ. Ihò òrùka ìta fẹ̀ jù fún un.

Ló bá kan gáàsì. Bàbá kan tó ń jó pánẹ́ẹ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbé iná káábáìdì ẹ̀ wá, wọ́n ti tú táǹkì pẹtiróòlù kúrò lára ọ̀kadà, wọ́n gbé e lọ jìnnà. Ó jó ìta ilé béárìn títí àwọ̀ ẹ̀ fi yí padà, wọ́n kàn án, kò gbọ́. Ó tún un jó, bákan náà. Ìṣirò ẹ̀ ò le: irin máa ń fẹ̀ tó bá gbóná, ṣùgbọ́n fífẹ̀ ẹ̀ kéré gan-an, ihò tó fẹ̀ tó mílímítà 42, tí wọ́n bá fi 100°C kún ooru ẹ̀, nǹkan bíi 0.05 mílímítà ló máa fi fẹ̀ sí i, kò tó ìpọ̀n bébà kan. Èyí á tó tí ilé bá gbóná tí béárìn ṣì tutù. Àmọ́ irin ni ilé, irin ni béárìn, wọ́n lẹ̀ mọ́ra, iná káábáìdì ń lọ díẹ̀díẹ̀, bí ilé ṣe ń gbóná ni ooru ń wọ inú òrùka lọ, àwọn méjèèjì jọ ń fẹ̀ pa pọ̀, àlàfo ò yọ. Ìpẹtà tún wà láàárín wọn, ìpẹtà sì ń gba àyè ju irin tó ti ara ẹ̀ wá lọ, ó ti fi ara ẹ̀ fún òrùka yẹn pinpin. Ẹnì kan sáré fẹ́ da omi tútù sí i, ẹ̀gbọ́n pariwo mọ́ ọn. Ó tọ́ kó pariwo, férémù tó ní ojú wẹ́ẹ̀dì tó pupa báyìí, tẹ́ ẹ bá da omi lù ú lójijì, ó lè sán.

Màlámù tó ń fi iná ẹlẹ́ńtíríìkì wẹ́ẹ̀dì ló gbé ìmọ̀ràn tó ṣiṣẹ́ wá, kò tiẹ̀ pariwo nípa ẹ̀. Ó ní ká má wulẹ̀ fẹ ilé mọ́, ká fún òrùka. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni pé wọ́n á fa ojú wẹ́ẹ̀dì kan yí inú òrùka yẹn ká, lórí ojú ibi tí àwọn bọ́ọ̀lù ti ń sáré, wọ́n á wá fi í sílẹ̀ kó tutù. Irin tó yọ́ yẹn gbóná kọjá 1,400°C nígbà tó ń dà sílẹ̀, tó bá ti ń tutù, ó ń súnkì, bó ṣe ń súnkì ló ń fa òrùka wọnú lọ́dọ̀ ara ẹ̀. Ara òrùka fúnra ẹ̀ tún ń ṣe bẹ́ẹ̀: nígbà tó gbóná ó fẹ́ fẹ̀, ilé tó tutù tó yí i ká ò jẹ́ kó ráyè, ó wá tẹ ara ẹ̀ pọ̀, tó bá tutù báyìí á kéré ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n ò kọ́kọ́ gbà, ó ní wẹ́ẹ̀dì á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilé ni, wọ́n á wá gbé wa lọ bá Alhaji. Màlámù ní òun ò ní kan ilé. Mo bá wọn dá sí i, mo ní “Ẹ̀gbọ́n, òrùka yẹn nípọn tó mílímítà 12 látòkè dé ìsàlẹ̀, tó bá gba àárín, àyè wà lókè àti nísàlẹ̀.” Ó ní ó dáa.

Ìmúrasílẹ̀ ló gba àkókò níbẹ̀, ó sì yẹ kó gbà á. Wọ́n tú okùn bàtìrì méjèèjì. Wọ́n fi omi ọṣẹ fọ inú ilé yẹn kí pẹtiróòlù tí ọmọ yẹn lò lè kúrò, wọ́n fi aṣọ nù ún, wọ́n jẹ́ kó gbẹ. Tó bá jẹ́ súpírè ìfọbíréèkì lẹ fi fọ irin tẹ́ ẹ fẹ́ wẹ́ẹ̀dì, ẹ ṣọ́ra gidi, àwọn kan ní kílórínì nínú, iná wẹ́ẹ̀dì sì lè sọ ọ́ di èéfín olóró tó ń pa èèyàn. Wọ́n fi aṣọ tútù bo wáyà àti rọ́bà tó wà nítòsí, wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì yanrìn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Màlámù de okùn ẹ́ẹ̀tì, èyí tí iná wẹ́ẹ̀dì ń gbà padà, mọ́ ara ilé béárìn gan-an, lẹ́bàá ibi tó fẹ́ jó. Bọ̀dá bi í léèrè pé kí ló dé tí kò de é mọ́ ìdí táyà tó sún mọ́ ọn, ó ní tiná bá gba inú béárìn táyà kọjá, á jó òun náà, ẹ ó tún wá yọ òmíì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Mo ti rí béárìn táyà tó ń kígbe lẹ́yìn iṣẹ́ wẹ́ẹ̀dì tí kò kàn án rárá.

Géèjì 12 ni ẹlẹ́tírọ̀dù tó lò, ìyẹn 2.5 mílímítà, géèjì 10 ti nípọn jù fún inú ibi tó há bẹ́ẹ̀. Ó fa díẹ̀ níhìn-ín, ó lọ fa díẹ̀ ní òdìkejì, ó ń dá a pọ̀ títí ojú wẹ́ẹ̀dì fi yí òrùka ká. Kò rẹwà, irin tí wọ́n fi ń ṣe béárìn ní kábọ́ọ̀nù púpọ̀ nínú, tó tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, kì í gba wẹ́ẹ̀dì dáadáa, ojú ẹ̀ máa ń sán. Kò kàn wá, orí ààtàn ló ń lọ. Bó ṣe parí báyìí ni bọ̀dá gbé òòlù. Màlámù di ọwọ́ ẹ̀ mú, ó ní “a hankali, a hankali,” kó rọra. Tí ẹ bá lù ú nígbà tó ṣì pupa, ìgbà yẹn gan-an ló fẹ̀ jù, ẹ ń ṣiṣẹ́ lòdì sí ara yín ni. A lọ jókòó, wọ́n ra kókó àti àkàrà, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

Ìgbà tá a padà débẹ̀, ilà dúdú tóóró kan ti yọ láàárín òrùka àti ilé, ojú lásán ń rí i. Ẹ̀gbọ́n fi ìka méjì wọ inú ẹ̀, ó yí i, ó yí. Ó gbé e jáde. Kò tiẹ̀ sí òòlù kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Bọ̀dá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń yí i wò bíi pé wọ́n ń tàn án.

Àwọn kan fẹ́ràn kí wọ́n wẹ́ẹ̀dì irin pẹlẹbẹ kọjá láàárín òrùka bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wá látìsàlẹ̀ fi irin lu pẹlẹbẹ yẹn. Ìyẹn náà ń ṣiṣẹ́, súnkì ló ṣì ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú wẹ́ẹ̀dì tó yí ká ni mo fara mọ́ jù, torí ó ń fa òrùka lọ́gbọọgba. Gíríìsì tí wọ́n ń kún sísàlẹ̀ béárìn tí wọ́n á wá fi irin lù kó lè tì í jáde, ibi tí ìsàlẹ̀ bá dí pátápátá nìyẹn ti wúlò, níbí gbogbo gíríìsì yẹn á kàn gba ihò ìsàlẹ̀ dà sílẹ̀ ni.

Ó wá ku títò ó padà, ibẹ̀ sì ni wọ́n tún fẹ́ kó sí wàhálà míì. Nọ́ńbà tó wà lára òrùka inú tó fò jáde ni 6004. Ọmọ tí wọ́n rán lọ sọ́jà gbé 6204 dé, ó ní ẹni tó ń tà á sọ pé ọ̀kan náà ni, ihò àárín wọn dọ́gba. Ihò àárín wọn dọ́gba lóòótọ́, torí nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn, ẹ fi 5 ṣe ìlọ́po ẹ̀, 04 jẹ́ mílímítà 20, béárìn méjèèjì ló gba ọ̀pá 20. Àmọ́ ìta 6004 jẹ́ 42, tí 6204 jẹ́ 47, ìpọ̀n ọ̀kan 12, ìkejì 14. Kò sí bí 47 ṣe máa wọ ilé 42 láìjẹ́ pé ẹnì kan gbé fáìlì, mo sì mọ àwọn tó máa gbé e. Wọ́n dá a padà, wọ́n ra 6004-2RS, 2RS yẹn ni rọ́bà tó bò ó lápá méjèèjì. Èyí tó ní ZZ, irin pẹlẹbẹ ló bò ó, kò dí omi bíi rọ́bà, fún ìdí sítíárìn tí ẹrẹ̀ ń bá, mi ò ní lò ó.

Wọ́n fi sáńdípépà nu inú ilé, wọ́n fi fáìlì tún ibi tí òòlù àwọn ti àkọ́kọ́ ti ṣẹ́ ẹnu ẹ̀ ṣe, wọ́n wa kòtò sákílípù mọ́ tónítóní. Wọ́n ṣí rọ́bà béárìn tuntun lápá kan, wọ́n fi gíríìsì tí omi kì í tètè fọ̀ kún inú ẹ̀, wọ́n dé e padà. Béárìn tó ń sáré kò yẹ kí wọ́n kún un bẹ́ẹ̀, á gbóná, ìdí nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ fi ń fi díẹ̀ sí i, àmọ́ ti sítíárìn kì í sáré, ẹ kún un. Wọ́n gbé e sínú fíríìsà ìyá tó ń ta zobo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ ni ìyá ń lò, wọ́n fún un lówó pẹtiróòlù díẹ̀. Wọ́n fi iná káábáìdì yá ilé lára fẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tí wọ́n fi tì béárìn tuntun wọlé ni òrùka àtijọ́ yẹn gan-an, wọ́n lọ ìta ẹ̀ díẹ̀ kó má há, òrùka ìta tuntun nìkan ló ń kàn, kò kan inú. Béárìn wọlé rọrùn. Sákílípù tuntun, síìlì tuntun méjèèjì, wọ́n fi gíríìsì pa ẹnu wọn, kọ́tàpíìnì tuntun, èyí tí wọ́n yọ kì í padà wọlé. Wọ́n yí háńdù láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun kí wọ́n tó dé rọ́bà ara ẹ̀, wọ́n wò ó pé kò sí wáyà tàbí kébù tó ń gan.

Alhaji wá fúnra ẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó gùn ún yípo fílẹ́ẹ̀jì, ó san owó, ó sì ní òun ní òmíì bẹ́ẹ̀ lóko tí ò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n ní kó gbé e wá kó tó ṣe nǹkan. Wọ́n gbé e dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, sítíárìn ẹ̀ ò tíì mì, ó kàn ti ń le díẹ̀. Ọmọ kékeré yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní búrọ́ọ̀ṣì, ó fọ inú ilé béárìn títí sákílípù fi hàn ketekete, pílàyà fà á jáde láìkán. Rọ́ọ̀bótì ni wọ́n fi fa béárìn ẹ̀, ó jáde lódindi. Wọ́n sọ fún àwọn ọmọ oko náà pé kí wọ́n máa fi bọ́kẹ́ẹ̀tì àti kànìnkànìn fọ ìdí sítíárìn, kí ẹ̀rọ olómi líle dúró sí táyà.